Ta Ni Ìdílé? Ọ̀sẹ̀ Ẹ̀kọ́ David àti Anna Hinderer ní Kúdẹtì, Ìbàdàn, 1853 sí 1869

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí yẹ bí tọkọtaya míṣọ́nnárì CMS kan, David àti Anna Hinderer, ṣe ń lo ọjọ́ méje inú ọ̀sẹ̀ láti kọ́ àwọn ìdílé inú ìjọ wọn ní Kúdẹtì, Ìbàdàn, wò. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ìdílé tí àwọn òyìnbó wọ̀nyí ní lọ́kàn kọ́ ni ìdílé tí wọ́n bá nílùú. Baba, ìyá àti ọmọ ni ìdílé lójú tiwọn; agboolé ni ìdílé lójú ará Ìbàdàn. Ibi tí ẹ̀kọ́ wọn ti bá agboolé mu ni ó ti fìdí múlẹ̀. Ibi tí ó ti kọ agboolé sílẹ̀ ni ó ti kọsẹ̀. Iṣẹ́ yìí gbà pé ìbéèrè kan náà ni ó ń dojú kọ àwa tí a ń kọ́ olùkọ́ lónìí.

Ìfáárà

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìtàn ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà nílẹ̀ Yorùbá, ọdún tí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ àti orúkọ ẹni tí ó dá a sílẹ̀ ni a sábà máa ń kà lé ara wọn. A kì í fi bẹ́ẹ̀ béèrè bí ọjọ́ kan ṣe rí nínú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, tàbí ohun tí òbí ọmọ ń rò nígbà tí ó ń mú ọmọ rẹ̀ wá. Bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà ní ojú méjì ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọmọ ṣe kẹ́kọ̀ọ́, ó yẹ kí ó wá igba ojú náà lọ.

Ìbàdàn ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé àkọsílẹ̀ pọ̀ nípa rẹ̀. Lẹ́tà àti ìwé ìrántí Anna Hinderer ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó jọ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1872, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwọn ará ilé pẹ̀lú kọ tiwọn: Daniel Olúbì kọ ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ nípa iṣẹ́ rẹ̀, Samuel Johnson sì kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí gbogbo wa mọ̀, èyí tí ó parí ní 1897 ṣùgbọ́n tí kò jáde títí di 1921. Kí a rántí pé àwọn òǹkàwé ní England ni wọ́n tẹ ìwé Anna fún. Ohùn àwọn òbí Ìbàdàn kò dé etí wa tààrà nínú rẹ̀. Láti ẹnu àlejò ni a ti ń gbọ́ ọ. Nítorí náà, a ní láti fi ohun tí a mọ̀ nípa ìlú náà wọn ohun tí lẹ́tà náà sọ.

Ìlú àti àlejò rẹ̀

Ibùdó ogun ni Ìbàdàn kí ó tó di ìlú. Ní nǹkan bí 1829 ni àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá tẹ̀dó síbẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di 1840, tí àwọn jagunjagun rẹ̀ dá ogun Ìlọrin padà ní Òṣogbo, Ìbàdàn ti di agbára tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń bẹ̀rù. Oyè ibẹ̀ kì í ṣe ti ìran. Akin ni í jẹ ẹ́. Ilé ológun kan lè gba ìyàwó, ọmọ, ẹbí, ọmọ ogun, ìwọ̀fà àti ẹrú tí ogun kó wá, gbogbo wọn lábẹ́ baálé kan.

David Hinderer, ará Jámánì láti agbègbè Württemberg, ni CMS rán wá. Ó bẹ Ìbàdàn wò ní 1851, ó sì lo oṣù díẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ìjòyè kò gbà á wọlé láìbéèrè lọ́wọ́ Ifá. Lẹ́yìn tí Ifá fọre ni wọ́n tó gbà á. Ó padà sí England, ó fẹ́ Anna Martin, ọmọ bíbí Norfolk, ní oṣù kẹwàá 1852. Ní oṣù kẹrin 1853 ni tọkọtaya náà wọ Ìbàdàn, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni iṣẹ́ wọn níbẹ̀ fi gbà, pẹ̀lú ìgbà tí àìsàn lé wọn lọ sílé tí wọ́n sì tún padà wá.

Ọjọ́ kìíní: ọ̀sẹ̀ tuntun

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí tọkọtaya yìí kọ́ àwọn ìdílé ìjọ wọn kò sí nínú ìwé ABD. Ọ̀sẹ̀ fúnra rẹ̀ ni. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ Yorùbá: ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta àti ọjọ́ Ọbàtálá. Ọrún ni a ń pè é, nítorí pé a ń ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Lórí òǹkà yìí ni ọjà ń ná, lórí rẹ̀ ni ẹgbẹ́ ń jókòó, lórí rẹ̀ ni olórìṣà sì ń pa ọ̀sẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ oníjọ́ méje kò ṣàjèjì pátápátá sí Ìbàdàn. Àwọn Mùsùlùmí ti wà níbẹ̀ ṣáájú, àwọn ni ó sì mú Àtàlátà, Àlàárùbá, Àlàmísì àti Jímọ̀ wọ inú èdè wa. Ẹ̀yin aṣojú tí ẹ ń sọ Hausa yóò dá orúkọ wọ̀nyí mọ̀, nítorí pé orísun kan náà ni tiyín ti ṣẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ohun tí ìjọ Kúdẹtì béèrè le ju orúkọ lọ: kí ènìyàn má ṣòwò, kí ó má lọ sóko, ní ọjọ́ Ìsinmi.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ọjà bá ń ná ní ọrún-ọrún, tí ọjọ́ Ìsinmi sì ń yí po ní ọjọ́ méje-méje, àwọn méjèèjì yóò pàdé lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ọjọ́ 28. Ọjà tí ó ń ná ní ìsán yóò pàdé ọjọ́ Ìsinmi lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ 56. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni obìnrin oníṣòwò tí ó wọ ìjọ yóò pàdánù ọjà, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí yóò pàdánù rẹ̀ kò ní í ṣàì dé. Oníbàárà rẹ̀ yóò dé ìsọ̀ rẹ̀, kò ní í bá a. Ìyálé rẹ̀ yóò béèrè ibi tí ó lọ. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ìjọ ṣe ń di ọ̀rọ̀ agboolé láàrín oṣù kan, bí obìnrin náà kò tilẹ̀ sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ Ìsinmi yìí kan náà ni ìjọ ń pàdé, tí ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi sì ń jókòó. Àgbà àti ọmọdé ni ó ń kọ́ ìwé kíkà níbẹ̀. Anna a máa kọ́ wọn ní orin, ohun èlò orin rẹ̀ sì ń fa èrò tí kò ní í wá gbọ́ ìwàásù. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ wọn. Kì í ṣe ohun kékeré ni èyí, nítorí pé ìwé Yorùbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ni. Ní 1843 ni Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Ní 1850 ni Ìwé Róòmù jáde ní Yorùbá. Odindi Bíbélì kò sì parí títí di 1884. Hinderer fúnra rẹ̀ túmọ̀ ìwé John Bunyan tí a mọ̀ sí Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́, tí ó jáde ní 1866. Bí ìwé ṣe ń jáde ni wọ́n ṣe ń fi í kọ́ni.

Àárín ọ̀sẹ̀: ọmọ tí ó ń gbé ilé olùkọ́

Láàrín ọ̀sẹ̀, ilé míṣọ́nnárì ni ilé-ẹ̀kọ́. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ ń wá láàárọ̀ tí wọ́n ń lọ lọ́sàn-án nìkan. Púpọ̀ nínú wọn ń gbé ọ̀dọ̀ tọkọtaya náà. Anna kò bímọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá ni wọ́n ń pè é. Ó ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà, orin àti abẹ́rẹ́, ó ń tọ́jú ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, àdúrà òwúrọ̀ àti ti alẹ́ sì ń so gbogbo ilé pọ̀. David ní tirẹ̀ ń jáde lọ sí ìgboro, ó ń wàásù lábẹ́ igi àti lẹ́bàá ọjà, ó sì ń kí àwọn ìjòyè nílé wọn.

Ọmọ wo ni ó wá? Ìṣòro ńlá ni èyí níbẹ̀rẹ̀. Àwọn òbí Ìbàdàn ń sọ pé ìwé yóò sọ ọmọ di ojo. Kí a má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú ìlú tí akin ti ń jẹ oyè, tí ọmọ tí kò lè di kùmọ̀ mú kò ní ibi tí yóò dúró sí, òbí tí ó sọ bẹ́ẹ̀ ń ronú nípa ọjọ́ ọ̀la ọmọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òbí òde òní ṣe ń béèrè pé, "Iṣẹ́ wo ni ọmọ mi yóò fi ìwé yìí ṣe?"

Ìjòyè ológun kan, Olúnlọ́yọ̀, ni ó kọ́kọ́ la ọ̀nà. Ó yọ̀ǹda ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé obìnrin àti Akínyẹlé ọkùnrin, fún tọkọtaya náà. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ kíyè sí níbí ni irú ìwà tí Olúnlọ́yọ̀ hù. Kì í ṣe ìwà tuntun. Ilẹ̀ Yorùbá ti ń fi ọmọ fún ẹlòmíràn tọ́ kí òyìnbó tó dé: ọmọ ń lọ bá alágbẹ̀dẹ kọ́ṣẹ́, ọmọ ń gbé ọ̀dọ̀ babaláwo fún ọdún púpọ̀, ọmọ ń lọ sílé ìyá àgbà rẹ̀. Fífi ọmọ sílé àlejò tí ó ní ìmọ̀ kan bá ìlànà tí ó wà nílẹ̀ mu. Èrò tèmi ni pé èyí ni ó jẹ́ kí ilé Kúdẹtì ṣeé ṣe. Àwọn Hinderer rò pé ilé-ẹ̀kọ́ ni àwọn dá sílẹ̀. Lójú ìlú, agboolé kan ni ó kún àwọn agboolé tí ó ti wà, tí òyìnbó jẹ́ baálé rẹ̀.

Àwọn ọmọ mìíràn kò wá láti ilé ìjòyè. Ogun ni ó kó wọn wá sí Ìbàdàn, tọkọtaya náà sì rà wọ́n padà kúrò lóko ẹrú. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ilé Kúdẹtì kì í ṣe àfikún ìdílé. Òun nìkan ni ìdílé tí ó kù.

Ibi tí ẹ̀kọ́ ti kọsẹ̀

Bí ọmọdé bá wọ ìjọ, tí obìnrin sì ń wọ ìjọ, baálé ńkọ́? Òun ni kò lè wọlé. Ní 1857 ni Henry Venn, akọ̀wé CMS ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ ìwé lórí ìkóbìnrinjọ. Ìlànà náà ni pé a lè ṣe ìrìbọmi fún ìyàwó nínú ilé olóbìnrin púpọ̀, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ ṣe é fún ọkọ títí tí yóò fi ku ìyàwó kan. Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Lambeth ní 1888 dúró lórí ìlànà kan náà fún àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí ní Ìbàdàn. Ọkùnrin tí ìlú ń bọ̀wọ̀ fún, tí ó ní ìyàwó púpọ̀, lè fọmọ sílẹ̀ kí ó lọ kàwé. Ó lè gbà kí ìyàwó rẹ̀ kan lọ sí ìjọ. Ó lè gba míṣọ́nnárì lálejò. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ yóò dúró síta. Ìdílé tí ẹ̀kọ́ náà ń bá sọ̀rọ̀ kò ní olórí nínú ìjọ. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ fi ń le nígbà mìíràn fún àwọn obìnrin àti ọ̀dọ́ tí wọ́n gba ẹ̀kọ́ náà: ẹbí lè nà wọ́n, ẹbí lè dè wọ́n mọ́lé, kí wọ́n má baà lọ. Lẹ́tà Anna ka èyí sí inúnibíni, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé lílù obìnrin nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n òpìtàn ní láti fi ìdajì kejì kún un. Lójú agboolé, àlejò ti wọlé, ó ti pín ọjọ́ ọjà wọn níyà, ó ti kọ́ ọmọ wọn pé kí ó má bọ òrìṣà ilé, kò sì fún baálé ní àyè láti jókòó pẹ̀lú wọn kí wọ́n jọ sọ ọ́.

Àwọn Hinderer fẹ́ràn àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Kò sí iyèméjì nípa èyí. Ìfẹ́ nìkan kò tó láti mọ ẹni tí ó ni ọmọ.

Ọdún ogun: ìdánwò

Ní 1860 ni ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀. Ìbàdàn gbógun ti Kúrunmí. Ẹ̀gbá dúró ti Ìjàyè. Àwọn Ìjẹ̀bú pẹ̀lú ti ọ̀nà. Ìjàyè fọ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta 1862, ṣùgbọ́n ọ̀nà etíkun kò là. Fún nǹkan bí ọdún márùn-ún, tọkọtaya náà há sí Ìbàdàn. Owó ẹyọ tán, oúnjẹ dín kù, wọ́n ń ta ẹrù ilé díẹ̀díẹ̀ láti bọ́ àwọn ọmọ. Ní oṣù kẹrin 1865 ni gómìnà Èkó, Glover, rán Captain Maxwell láti wá ọ̀nà gba inú igbó wọ Ìbàdàn, Anna sì bá a lọ sí Èkó.

Ní àkókò yìí ni a rí ohun tí ẹ̀kọ́ náà ti di. Kò sí ìrànlọ́wọ́ láti òkè òkun, ìwé tuntun kò sì wọlé bí ó ti yẹ. Síbẹ̀, ìjọ àti ilé-ẹ̀kọ́ kò kú, nítorí pé kì í ṣe òyìnbó méjì nìkan ni ó ń kọ́ni mọ́. Olúbì, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó ti wà nínú ilé Hinderer tipẹ́, ti di olùkọ́. Henry Johnson, ẹni tí a bí ní ìdílé Ọ̀yọ́ tí ó sì ti Sierra Leone dé, ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú aya àti àwọn ọmọ rẹ̀ láti 1858. Samuel, ọmọ rẹ̀, lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ CMS ní Abẹ́òkúta, ó sì padà di olùkọ́ ní Ìbàdàn ní 1866. Yàtọ̀ sí Kúdẹtì, ìjọ ti wà ní Arẹ̀mọ àti Ògùnpa.

Nígbà tí àìlera lé àwọn Hinderer kúrò pátápátá ní 1869, Olúbì ni ó gba iṣẹ́ náà. Ní 1867 ni wọ́n ti lé àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta nínú rògbòdìyàn tí a ń pè ní Ifọ́lé. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ọwọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ni iṣẹ́ Ìbàdàn wà. Anna kú ní Norfolk ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà 1870, kò tíì pé ọdún 44.

Kí ni ó kù?

Bí a bá wá èso iṣẹ́ yìí lọ, inú agboolé ni a ó ti rí i. Josiah Akínyẹlé wà lára àwọn Kristẹni àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn. Kì í ṣe òun ni Akínyẹlé ọmọ Olúnlọ́yọ̀ tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ rẹ̀ kan, Alexander Babátúndé, ni ọ̀gá àkọ́kọ́ ní Ibadan Grammar School ní 1913, tí ó sì di bíṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn. Èkejì, Isaac Babalọlá, kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ní èdè Yorùbá, ó sì jẹ Olúbàdàn ní 1955. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí: ìlú tí ó sọ pé ìwé ń sọni di ojo fi ọmọ oníwèé jọba láàrín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí CMS dá sílẹ̀ ní Kúdẹtì ní 1899 ni ó para pọ̀ mọ́ èyí tí ó wà ní Èkó ní 1950 tí ó di St Anne's. Orúkọ Yéjídé náà ṣì wà lára ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn obìnrin kan ní Ìbàdàn.

Ohun mẹ́ta ni ó mú kí ó rí bẹ́ẹ̀. Èkíní, èdè ìlú ni wọ́n fi kọ́ni, nítorí náà ohun tí ọmọ kọ́ ṣeé sọ fún ìyá àgbà lálẹ́ ọjọ́ náà. Èkejì, ẹ̀kọ́ náà gba inú ilé kọjá, kò mọ sí iyàrá ìkàwé. Ẹ̀kẹta, ẹni tí a kọ́ di ẹni tí ń kọ́ni kí olùkọ́ àkọ́kọ́ tó lọ.

Ìgúnlẹ̀

Àwa tí a ń kọ́ olùkọ́ máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé kí wọ́n "bá òbí sọ̀rọ̀". Òbí wo? Ní ọ̀pọ̀ ìlú tí a rán wọn lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, ọmọ lè máa gbé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá, ọ̀gá tí ó ń kọ́ ọ níṣẹ́ tàbí málàámù. Ìwé ìpè sí ìpàdé òbí àti olùkọ́ yóò lọ bá bàbá kan tí ó wà ní ìlú òkèèrè, ẹni tí ó ń jí ọmọ láàárọ̀ kò sì ní í rí i. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá wá, a ó ní àwọn òbí kò bìkítà. Àṣìṣe Kúdẹtì gan-an nìyẹn, nínú aṣọ mìíràn.

Nítorí náà, mo dá a lábàá pé kí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ kọ̀ọ̀kan, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ìdánrawò rẹ̀, mú ọmọ márùn-ún nínú kíláàsì rẹ̀ kí ó sì kọ ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́rin sílẹ̀: Ta ni ọmọ yìí ń gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ta ni ó ń jí i? Èdè wo ni wọ́n ń sọ nínú ilé náà? Ọjọ́ wo ni ọjà ìlú náà ń ná? Kí ó tó kọ ìwé ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀, kí ó mọ igba ojú tí ó ń wo ọmọ náà. Tọkọtaya Hinderer lo ọdún mẹ́rìndínlógún kí wọ́n tó mọ díẹ̀ nínú wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí wọn kò ní: ọ̀pọ̀ ìgbà, inú irú agboolé bẹ́ẹ̀ ni òun pàápàá ti wá.